Ife Ugu Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò tíì fojú kan Mọ́mì láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n kì bọ inú ọkàn rẹ̀. Amẹ́ríkà ló ń gbé. Ó wo fídíò kan níbẹ̀ lórí fóònù, níbi tí òyìnbó kan ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi sínú ọkàn ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù bó ṣe yẹ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti di dókítà. Kò ka ìwé kankan fún un, kò sì tọ́jú ẹnikẹ́ni rí, àní kò mọ orúkọ oògùn tí ìyá rẹ̀ ń lò. Fóònù ló fún un níwèé ẹ̀rí.

Èmi ni mo ń bá Mọ́mì gbé ní Sùúrùlérè. Èmi ló kọ́kọ́ sọ fún pé nǹkan kan ń jà nínú àyà òun bí adìyẹ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ń ro wá. Dókítà tó pàpà rí wa, obìnrin kan tí àárẹ̀ iṣẹ́ hàn lójú rẹ̀, di ọwọ́ Mọ́mì mú, ó fetí sí àyà rẹ̀, ó lẹ wáyà mọ́ ọn lára, ó wo ìwé tí ẹ̀rọ pọ̀ jáde, ó sì fi Yorùbá tó mọ́ gaara ṣàlàyé fún wa. Ó ní apá òkè ọkàn Mọ́mì kò lù mọ́, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Ó ní àpò kékeré kan wà lára ọkàn níbẹ̀, pé nígbà tí ọkàn bá ń gbọ̀n báyìí, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró sínú àpò náà, á dì, bó bá sì já kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọpọlọ ló sábà máa ń gbà lọ.

"Ibẹ̀ ni sítróòkì ti ń wá, Màmá," ló wí.

Mọ́mì kò béèrè bóyá òun máa kú. Ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé irú èyí tó mú ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni gbogbo wa ń pè ní Màmá Sábó, nítorí Sábó ní Yábàá ló ń gbé. Tíṣà ni wọ́n, àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Màmá Sábó ló lẹ́nu. Bó bá bá ẹni tó ń ta ẹja jà nílé, àwọn ará òpópónà kejì á gbọ́ iye tí ẹja jẹ́. Rọpárọsẹ̀ mú un ní ọjọ́ kan tó ń sá aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀, ẹsẹ̀ náà tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí i lẹ́nu: bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti jẹun, mà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ebi ń pa yín? Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ á máa sọ pé rárá, omi á lé ròrò sí i, ẹnu rẹ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wá bi í bóyá kí àwọn gba yàrá iwájú ilé rẹ̀, kí àwọn sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìtajà fóònù ti wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ayé pé Màmá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń tutọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, bí a ti ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, Mọ́mì di apá mi mú. "Ikú ò bà mí lẹ́rù," ó ní. "Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí n wà láyé kí ẹnu mi má jẹ́ tèmi mọ́."

Oògùn tí wọ́n fún un jẹ́ èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Táblẹ́ẹ̀tì kékeré ni, kò ní ìyàngàn kankan nínú. Dókítà kìlọ̀ pé ká máa lò ó ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ká máa wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ká sì ṣọ́ ẹ̀fọ́. "Ẹ̀fọ́ tútù ń bá oògùn yìí jà," ó wí. "Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ̀fọ́ o, Màmá. Bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́. Kó má jẹ́ pé díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, odidi ìkòkò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mọ́mì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà. Nígbà tí a délé, ó lé ẹ̀fọ́ kúrò nínú ilé pátápátá, nítorí pé bí tíṣà tó gbọ́ràn jù ṣe máa ń ṣe nìyẹn. A jẹ ọbẹ̀ ata títí ojú mi fi ń pọ́n.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé kí n má sọ.

"Táblẹ́ẹ̀tì?" ló pariwo nígbà tó pe Mọ́mì lórí fóònù. "Mọ́mì, táblẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò látayébáyé? Tẹkinọ́lọ́jì ti kọjá ibẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń tì gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti itan, á lọ di àpò yẹn pa. Ó parí! Kò sóògùn, kò sí wàhálà. Mo ti ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀ ní Íńdíà. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni Mọ́mì wí.

"Ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fóònù kú, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti nǹkankan gba itan òun wọlé, kí n bá òun wá bí a ó ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tí kò fi ní dùn ún. Mo pòṣé. Èmi mọ ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ń tì í láti ní ìyá tó ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́ bí ìyá gbogbo ará àdúgbò. Ìyá tí wọ́n gbé lọ sí Íńdíà, tí ẹ̀rọ wà nínú ọkàn rẹ̀, ìyẹn ni ìyá tí èèyàn lè fi sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún.

Àìsàn ló gba rárá lẹ́nu Màmá Sábó. Ní ti Mọ́mì, wọn ò fi rárá sí i lẹ́nu rí. Ilé-ìwé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Yábàá ló ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, lábẹ́ obìnrin ọ̀gá ilé-ìwé kan tó máa ń lu tábìlì bó bá ń bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n tábìlì nìkan ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kó ohùn náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń bẹ aláìsàn wò. Nígbà tó gbọ́ pé ọkàn ń yọ Mọ́mì lẹ́nu, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sílé wa, wọ́n sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà náà, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. N kì í sí nílé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dé, màá bá ìgò mọ́ọ̀tì àti agolo mílíìkì tó ṣófo nínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Mo rò pé ohun tí gbogbo aláìsàn ní Èkó ń mu ni wọ́n gbé wá.

Múṣin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń tẹ ìwé, èyí tó sì ń wọlé jù ni ìwé ètò ìsìnkú. Mo máa ń gba fọ́tò olóògbé lọ́wọ́ àwọn ọmọ, màá yọ wíwú ojú kúrò, màá fi àwọsánmà sí ẹ̀yìn rẹ̀, màá tẹ "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" sí abẹ́ rẹ̀. Àìsàn ránpẹ́ wo? Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ọdún ni wọ́n fi dùbúlẹ̀, tí àwọn ọmọ ń fi fóònù ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa gbàdúrà. Ọjọ́ tí wọ́n bá kú ni àwọn ọmọ á tó mọ ọ̀nà ilé, wọ́n á ní kí n lo bébà tó ń dán. Mo ti tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé n kì í lè wo ẹlẹ́kún lójú mọ́ láìṣe pé mo yọ ṣùtì.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì kò lọ bó ṣe yẹ. Dókítà wo èsì, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yára dì bí ẹni tí kò lo oògùn rárá. Ó béèrè bóyá a ń fò ó. Mo ní èmi ni mo ń fi lé e lọ́wọ́, tí mo ń wò ó títí á fi gbé e mì. Ó fi díẹ̀ kún oògùn. A padà lọ, nǹkan kan náà ni. Ó tún fi kún un.

"Ẹ̀fọ́ ńkọ́, Màmá?"

"Mi ò jẹ ẹ̀fọ́ mọ́, Dókítà," ni Mọ́mì fèsì, ó sì gbéra ró bí ọmọ tó yege. Òtítọ́ ló sọ. Èmi náà jẹ́rìí sí i.

Ọjọ́ Àìkú kan wá dé tí ó kan Mọ́mì láti ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti gbé awò rẹ̀ sójú, ó ti ń kà á lọ dáadáa, ohùn tíṣà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Lójijì ó dákẹ́. Mo rò pé ó ń wá ìlà ni. Ọ̀gá ilé-ìwé náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó dìde láti ìjókòó rẹ̀, ó lọ fi ìka tọ́ka sí ìlà tó kàn fún un, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré ní ìwé, ó sì wo gbogbo ìjọ pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun ti tún nǹkan ṣe. Mo rí igun ẹnu Mọ́mì tó wọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò mọ̀. Nígbà tí a fi mú un jókòó, tí ẹnìkan ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, ẹnu rẹ̀ padà. Àlùfáà wí pé ògo fún Ọlọ́run, ó pe orin. Gbogbo wọn kọrin. Mọ́mì fa orí mi mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ń wò ó nínú ìwé. Kò jáde." Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. "Kò jáde, ọmọ mi."

Ẹ̀rù bà mí débi pé inú ń bí mi sí àwọn tó ń kọrin.

Dókítà ní ìkìlọ̀ nìyẹn, pé ó kọjá lọ fúnra rẹ̀ nítorí pé Ọlọ́run bá wa ṣe é, pé èyí tó bá tún wá lè má kọjá. Ó tún fi kún oògùn. Ó ń wo ìwé àyẹ̀wò náà bí ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ ìṣẹ́gun rẹ̀ ni. "Ṣé ẹ ti rí i? Mo sọ ọ́! Táblẹ́ẹ̀tì yẹn ò ṣiṣẹ́!" Kò béèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe sùn. Ó fi wá ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ń bá àwọn ti Íńdíà ṣiṣẹ́, ó ní ká lọ gba àlàyé.

Ilé ìwòsàn náà tutù bí inú fíríìjì. Dókítà ibẹ̀ ní ọkàn oníke kan lórí tábìlì tó ń ṣí tó ń padé, ó sì gbé ẹ̀rọ náà sínú àpótí gíláàsì bí òrùka ìgbéyàwó. Ó ń pe Mọ́mì ní "Mọ́mì wa". Ó fi ẹ̀rọ náà sínú ọkàn oníke, ó yọ ọ́, ó tún fi sí i. Ó ní lẹ́yìn èyí, a ó gbàgbé oògùn.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fi sí i náà ni oògùn á parí?" ni mo bi í.

Ó wúkọ́. "Rárá o. Ẹ ṣì máa lò ó fún ìgbà díẹ̀, kí ara lè hù bo ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ìyẹn a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a lè wá gbé oògùn tó fúyẹ́ sí i."

"Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò tí a bá ti dé láti Íńdíà?"

Ó pa ọkàn oníke náà dé. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìṣòro, pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú wọn. Kò bi Mọ́mì bóyá ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lára rẹ̀ rí, kò bi í bóyá oògùn ti ṣe é ní jàǹbá rí. Kò tilẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi í bóyá ó ní ìwé ìrìnnà. Mọ́mì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìjọba fún wa ní ìsinmi ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, n kò lọ sí Múṣin. Mo wà nínú pálọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ abẹniwò wọlé pẹ̀lú ọ̀gá wọn níwájú, tí ọ̀kan nínú wọn gbé kúlà kékeré. Wọ́n gbàdúrà tó gùn. Wọ́n ṣí kúlà náà, wọ́n gbé ìgò kan jáde, wọ́n da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ife, wọ́n sì po mọ́ọ̀tì àti mílíìkì mọ́ ọn. Àwọ̀ ewé ni, ó ń hó bí ọṣẹ. Ọ̀gá náà gbé ọwọ́ lé orí ife, ó sọ pé kí ó di ìyè, gbogbo wọn ní àmín. Ó gbé e fún Mọ́mì. Mọ́mì mu ún kanlẹ̀ láìsinmi, wọ́n sì ń wo ọ̀fun rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó ń lo oògùn aràn.

"Kí nìyẹn, mà?" ni mo béèrè.

"Ugu ni," ọ̀gá náà dá mi lóhùn. "Ewé ugu tútù tí a fún, a pò ó mọ́ mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ní oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fún ìyá rẹ. Ṣé ká máa wò ó títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi di omi tán ni? Ohun tí dókítà ń bù kúrò, àwa ń bù ú padà. Láti ìgbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, a ti sọ ọ́ di ìlọ́po. Ìfẹ́ nìyẹn, ọmọ mi."

Gbogbo oògùn tí mo ti fi lé e lọ́wọ́, gbogbo ìjókòó orí bẹ́ǹṣì, gbogbo ọbẹ̀ ata yẹn. Odidi oko ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti ń fún sínú ìyá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú àdúrà lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn tó kàwé ni o. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kọjú sí Mọ́mì. "Mọ́mì! Dókítà bi yín léèrè ẹ̀fọ́!"

"Ẹ̀fọ́ ló bi mí," ó ní, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀. "Èyí kì í ṣe ẹ̀fọ́. Mímu ni wọ́n ń mu ún."

"Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Ó ń rùn bíi koríko," ó wí. "Ó ń dà mí nínú rú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàdúrà sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a padà sí wọn lọ́wọ́?"

Mo mú Mọ́mì lọ sọ́dọ̀ dókítà ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ kejì, mo sì ro ọ̀rọ̀ ugu náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó rẹ́rìn-ín tí kò ní adùn kankan nínú. Ó wá di ẹni tí ojú rẹ̀ le. Ó ní ká má ṣe ṣèèṣì dá ugu náà dúró lójijì kí oògùn sì wà bó ṣe wà, nítorí pé òun ti fi kún oògùn láti fi bá ugu jà láìmọ̀; bí ugu bá lọ, oògùn á pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya níbi tí kò yẹ. Ó dín in kù, ó sì ní ká tètè padà wá fún àyẹ̀wò. "Ṣùgbọ́n bí ugu bá tún wọlé lẹ́yìn èyí," ó wí, "ibi tí a ti ń bọ̀ yẹn náà la ó padà sí. Màmá, ẹ ti rí ohun tó wà níbẹ̀."

Mọ́mì fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa ẹ̀rọ náà. Kò bú u. Ó ní nǹkan gidi ni, ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àwọn tí oògùn yìí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya nínú ikùn wọn tàbí nínú orí, tí wọn ò lè lò ó mọ́. "Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn kò ṣe wọ́n ní nǹkankan. Àwa gan-an ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí wọn, oògùn ṣì wà níbẹ̀ fúngbà kan, àwọn obìnrin yẹn náà á ṣì wá. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn sọ pé rárá."

Mo ní èmi ni màá sọ ọ́. Mo pe ọ̀gá ilé-ìwé náà lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú gbogbo sùúrù tí mo ní, tí kò pọ̀. Ó gbọ́ mi tán. "Ọmọ mi," ó ní, "ìyá rẹ kò bá mi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kàn fẹ́ kí dókítà máa mu ẹ̀jẹ̀ òbí yín. Bí ìyá rẹ bá fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò fẹ́, a ó dáwọ́ dúró." Ó mọ̀ pé Mọ́mì kò ní sọ ọ́. Ohun tí inú rẹ̀ dùn sí gan-an nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ tún dé. Ní òwúrọ̀, Mọ́mì wọ aṣọ ìjáde, ó ní ká lọ kí Màmá Sábó. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ìyá mi, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti sin ọkọ, ń sá fún ife. Mo bínú, síbẹ̀ n kò ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Múṣin lọ́jọ́ náà, mo pe kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sin ín lọ. A bá Màmá Sábó lórí àga rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, nítorí pé ti iwájú ti di ti àwọn oní-fóònù. Mọ́mì di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Ara wọn tù wọ́n.

Ní ọ̀sán, a gbọ́ ohùn ní ìta. Aládùúgbò wa kan ní Sùúrùlérè ni wọ́n bi léèrè ibi tí a lọ. Ọ̀gá náà wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ àti kúlà, ó ń yọ̀. Ó ní Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀, pé àwọn á bẹ aláìsàn méjì wò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n da ugu sínú ife. Mo dìde láti sọ̀rọ̀, Mọ́mì sì fi ojú dá mi dúró.

"Gbà, ìyàwó," ni ọ̀gá náà wí. Bó ṣe máa ń pè é nígbà tó ń ṣe tíṣà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. "Gbé e mu."

Ọwọ́ Mọ́mì jáde láti gbà á. Àṣà rẹ̀ ni, ọwọ́ náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó wo ife. Ó wo Màmá Sábó, tó tẹjú mọ́ ọn. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú.

"Rárá, mà," ni Mọ́mì wí.

Ohùn rẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́ ọ.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, mà. Mi ò mu ún mọ́. Kì í jẹ́ kí oògùn mi ṣiṣẹ́."

"Àdúrà ìjọ lo ń kọ̀ yẹn?"

"Àdúrà ni mo gbà, mà. Ugu ni mo kọ̀." Kò gba ọ̀rọ̀ náà padà. "Bó bá ṣe pé ẹ̀yin lẹ dúró níwájú ìjọ tí ọ̀rọ̀ ò jáde, ẹ ò ní mu ún."

Ọ̀gá náà wo gbogbo wa yí ká. Kò sí tábìlì tó lè lù. Ó gbé ife náà padà sínú kúlà bí ẹni tó ń gbé òkú, ó ní Ọlọ́run á dárí jì wá, ó sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. N kò sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe tẹ̀lé wọn.

Mọ́mì jókòó sílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ àwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Màmá Sábó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó dára sókè, ó gbé e lé ẹnu Mọ́mì, ó fi síbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi sú mi, lórí oúnjẹ, lórí ìrora, lórí yàrá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà nìkan ni ojú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ sọ nǹkan kan náà. Àwọn méjèèjì ń sunkún, èmi náà kò sì yọ ṣùtì sí ẹnikẹ́ni.

Mọ́mì nu ojú, ó na ọwọ́ sí mi.

"Gbé fóònù yẹn wá," ó ní. "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi, kí n sọ rárá yìí fún òun náà kí ó tó kúrò lẹ́nu mi."